Àdá Tó Ń Pọ́n: Géèmù Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Kan fún Fegge

Ẹ̀yin àgbààgbà ọmọ Yorùbá tó ń gbé Onitsha, ẹ̀yin onílé wa ọmọ Ìgbò tí ẹ bá wa péjọ, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún tí ojú yín ò kúrò lára fóònù, àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ọ̀dọ́ lè fi kọ̀ǹpútà ṣe. Ọ̀rọ̀ náà fẹ̀ jù fún ẹnu mi. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí géèmù kan ṣoṣo tó wà lọ́kàn mi, tó sì jẹ́ pé àdúgbò Fegge ní Onitsha níbí ló yẹ kó ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ò mọ irú géèmù tí mò ń wí, ẹ fara balẹ̀, kò le. Odidi ìlú ni wọ́n máa ń kọ́ sínú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú títì, ṣọ́ọ̀bù, mọ́tò àti èrò. Ẹni tó ń gbá géèmù náà lè rìn síbi tó bá wù ú, kó jókòó, kó sá, kó wọ ilé onílé. Kò sẹ́ni tó máa fi dandan mú un gba ọ̀nà kan. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni Batman ti ń lé ọ̀daràn kiri nínú Batman: Arkham City tó jáde ní 2011. Nínú irú rẹ̀ náà ni Spider-Man ti ń fò láti òrùlé dé òrùlé ní New York, nínú Marvel's Spider-Man ti 2018. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ọlọ́pàá, ìjọba kankan kò sì san owó oṣù fún wọn. Ohun tí à ń pè ní fijilántè ládùúgbò wa ni wọ́n, àfi pé aṣọ tiwọn fún mọ́ wọn lára.

Ohun kan wà nínú àwọn géèmù yìí tí kò tẹ́ mi lọ́rùn rí. Ọ̀daràn kì í ṣòro láti dá mọ̀ níbẹ̀. Batman ní ojú kan tó máa ń yí sí: bó bá ti yí i, ògiri á di gíláàsì, egungun àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á hàn, àwọn tó di ìbọn mú á sì pọ́n. Nínú Watch Dogs, tó jáde ní 2014, Aiden Pearce ń rìn kiri Chicago tòun ti fóònù. Bó bá kọ fóònù náà sí ẹnikẹ́ni tó ń kọjá lọ, orúkọ onítọ̀hún, iṣẹ́ rẹ̀ àti àṣírí rẹ̀ kan á yọ sí i. Fóònù yẹn kan náà á tún ta á lólobó pé wọ́n fẹ́ ṣe ibi ní igun báyìí. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn yòókù, àmì pupa lásán ni wọ́n ń fi sórí máàpù. Ibi tó bá ti pọ́n, ọ̀tá ló wà níbẹ̀, lọ lù ú. Wọ́n á wá pe ìyẹn ní iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Kí ló tẹ̀ lé? Kí ló yẹ̀ wò?

Onitsha ti ní ohun tó ń pọ́n bẹ́ẹ̀ rí, kì í sì í ṣe inú kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí ní 2000, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Àwọn ọmọdé ni mò ń sọ fún. Owó tó ń wọ ọjà Main Market àti ọjà Ochanja lójúmọ́ kan kì í ṣe kékeré, owó inú àpò sì lèyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn adigunjalè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbé owó ọjà sọ̀ ní Upper Iweka lálẹ́, àyà rẹ̀ á máa já títí yóò fi dé ilé. Ọlọ́pàá kò tó, àwọn tó sì wà kò níyì lójú ará ọjà. Ní òpin 1998, àwọn tó ń ṣe bàtà ní ọjà Ariaria ní Aba ti kó ara wọn jọ láti fọwọ́ ara wọn lé olè. Bakassi Boys lorúkọ tó mọ́ wọn lórí. Ní July 2000 wọ́n dé Onitsha, àwọn oníṣòwò ló fẹ́ kí wọ́n wá, Gómìnà Chinwoke Mbadinuju sì gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀. Kó tó di òpin ọdún yẹn, òfin ìpínlẹ̀ ti sọ wọ́n di Anambra Vigilante Services, pẹ̀lú ọkọ̀ àti ọ́fíìsì.

Àdá ni ìdí ọ̀rọ̀ wọn. Ohun tí tọmọdé tàgbà gbà gbọ́ nígbà náà ni pé bí wọ́n bá gbé àdá náà lé ẹni tó ti pààyàn rí láyà, irin á pọ́n. Bí kò bá pọ́n, wọ́n á ní kí onítọ̀hún máa lọ ilé rẹ̀. Kò sí ẹlẹ́rìí, kò sí lọ́yà, kò sí ìwé kankan. Àdá pọ́n, ọ̀rọ̀ parí, ó ku táyà àti bẹntiróò. Èmi ò rí ìyàtọ̀ láàárín àdá yẹn àti ojú tí Batman ń yí sí.

Mi ò ní tan yín: inú ìlú dùn sí wọn, ó dùn gan-an. Èèyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lálẹ́. Bí mọ́tò wọn bá ń kọjá, ọlọ́jà á dìde, á máa pàtẹ́wọ́. Daniel Jordan Smith, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà tó ti gbé láàárín àwọn Ìgbò fún ìgbà pípẹ́, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí wọn ní 2004, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí ará ìlú ní sí wọn sì gba àyè púpọ̀ níbẹ̀. Nollywood náà kò jẹ́ kí ọbẹ̀ tutù. Lancelot Oduwa Imasuen gbé fíìmù Issakaba jáde, Sam Dede ló ṣe Ebube tó jẹ́ olórí àwọn aládàá. Àwa tó wà ní Ìbàdàn pàápàá wò ó títí kásẹ́ẹ̀tì fi ń há. A ń hó yèè! Ta ni kò ní hó? Nínú fíìmù, ẹni tí wọ́n bá mú, a ti rí i níbi tó ti ń ṣe ibi kí wọ́n tó mú un.

Ìgboro Onitsha kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 9 November 2000, wọ́n pa ọkùnrin tí gbogbo ayé mọ̀ sí Eddie Nawgu, tó ń pe ara rẹ̀ ní wòlíì, ní gbangba ìlú yìí láìdé kóòtù kankan. Bóyá oníṣẹ́ ibi ni, bóyá kì í ṣe é. Ẹnu ta ni a ti fẹ́ gbọ́ ọ? Ní May 2002, Human Rights Watch àti ẹgbẹ́ CLEEN gbé ìròyìn wọn jáde, ohun tó sì wà níbẹ̀ ti kọjá ọ̀rọ̀ adigunjalè. Àwọn èèyàn ti ń pe aládàá sí ọ̀rọ̀ gbèsè. Wọ́n ń pè wọ́n sí aáwọ̀ oníṣòwò méjì, òṣèlú sì ti bá wọn dá sí i. Ní ọjọ́ kìíní September ọdún yẹn ni wọ́n pa Barnabas Igwe, alága ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò ẹ̀ka Onitsha, àti Amaka ìyàwó rẹ̀, níhìn-ín ní Onitsha. Ta ló pa wọ́n, ilé ẹjọ́ ló ni ìyẹn, èmi ò ní dá a. Mo kàn mọ̀ pé lọ́yà ni, iṣẹ́ lọ́yà sì ni pé kí wọ́n gbọ́ tẹnu ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ọdún 2002 yẹn náà ni ìjọba àpapọ̀ rán ọlọ́pàá sí Bakassi Boys ní Anambra, tí wọ́n kó wọn nílẹ̀.

Kí ọmọ Yorùbá tó jókòó síbí má wulẹ̀ rọra tẹ́ ẹnu o. Lásìkò yẹn gan-an, ẹgbẹ́ OPC tí Dókítà Fredrick Fasehun dá sílẹ̀ ní 1994 ń lé olè ní Èkó, àwọn kan nínú wọn sì ń dá ẹjọ́ ikú lójú títì. Human Rights Watch yìí kan náà kọ ìròyìn tiwa ní February 2003. Àwọn àgbà tó ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà, Yorùbá ni wọ́n, wọn kò sì rí àwọn ọmọ wọn dá dúró.

Ẹni tí mo rò pé ó sún mọ́ irú fijilántè tí mò ń wá ni Lápàdé. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé Yorùbá ní girama á rántí rẹ̀. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ló ṣẹ̀dá rẹ̀ nínú Àjà Ló Lẹrù ní 1969, tó tún gbé e padà wá nínú Àgbàlagbà Akàn ní 1971. Lápàdé ti ṣe ọlọ́pàá rí, ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, síbẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀daràn sinmi. Fijilántè ni lóòótọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì yá sí ìjà. Ṣùgbọ́n kò sí àdá tó ń pọ́n fún un. Ó ní láti béèrè ọ̀rọ̀, kó tọpasẹ̀, kó dúró de èèyàn lẹ́bàá ọ̀nà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí wọ́n ti ń ṣe géèmù ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ẹ pa Batman tì fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ lọ wá ìwé Òkédìjí. Ẹ fi Owó Ẹ̀jẹ̀ ti Kọ́lá Akínlàdé kún un.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká kọ́ géèmù náà.

Àárín ọdún 2000 sí ìparí 2002 ló ń ṣẹlẹ̀. Máàpù rẹ̀ kò tóbi: láti ẹnu afárá odò Ọya tí wọ́n parí ní 1965, dé Upper Iweka, dé Ochanja, kó gba Zik's Avenue wọ àwọn òpópónà Fegge. Kò kọjá bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ ìlú tó fẹ̀ bí òkun tó jẹ́ pé gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ tì pa. Mo fẹ́ àdúgbò tí a lè wọ ilé tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ká bá ìyá oníresì níbẹ̀, ká mọ ìgbà tí ìkòkò rẹ̀ máa ń gbẹ. Àsìkò náà ṣe pàtàkì fún ìdí kan tí ẹ̀yin ọmọdé kò ní ronú kàn: níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, fóònù alágbèéká kò tíì dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. August 2001 ni Econet àti MTN ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹsẹ̀ àti ọ̀kadà ni ọ̀rọ̀ fi ń rìn. Bí wọ́n bá pariwo olè ní ìsọ̀ kan, ẹ lè gbọ́ bí ariwo náà ti ń bọ̀ láti òpópónà dé òpópónà, tó ń ga sí i, tí orúkọ ẹni tí wọ́n ń dá sì ń yí padà lẹ́nu àwọn tó ń gbé e.

Obìnrin lẹni tí a ó máa gbá. Ó ti ṣe ọlọ́pàá rí. Nígbà tí owó oṣù kò wọlé mọ́, ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ṣí biznẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà sí Fegge. Táìpù kan, ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì kan tí tánà rẹ̀ ti ń tán, jẹnẹrétọ̀ kékeré, àti fóònù oníwáyà ti NITEL tí gbogbo àdúgbò fi ń pe Èkó. Ẹ ò rí i pé kò sí ibi tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lè jókòó sí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ẹni tó ń pariwo sí fóònù NITEL kò lè ní àṣírí. Wọ́n ti fi í sínú ìgbìmọ̀ ààbò òpópónà rẹ̀, wọ́n fún un ní fèrè àti kọ́kọ́rọ́ géètì. Fijilántè ni òun náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹjọ́ kan hàn yín. Ẹ mọ bí àwọn Ìgbò ṣe ń kọ́ ọmọ lówò: ọ̀gá á mú ọmọkùnrin kan láti abúlé, ọmọ náà á sìn ín fún bí ọdún márùn-ún sí méje láìgba owó oṣù, bí ó bá parí, ọ̀gá á fún un lówó tí yóò fi dá dúró. Ètò tó dára ni, òun ló sọ ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà di olówó ní ìlú yìí. Ṣùgbọ́n ọdún tí ó yẹ kí ọ̀gá fún ọmọ lówó ni ọdún tó léwu jù. Nínú géèmù wa, ọ̀gá aláṣọ kan pariwo ní Ochanja pé ọmọ òun, tó kù díẹ̀ kó gba òmìnira, ti jí aṣọ kó. Ó na wébíìlì, ìwé ẹrù náà, sókè: bélì 48 ló ti Èkó wá, 18 ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Èrò ń pọ̀. Ẹnìkan ti lọ wá táyà.

O wà ní biznẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà rẹ, ariwo náà sì ń bọ̀. Kò sí àmì pupa kankan lórí máàpù. Kí lo fẹ́ ṣe? O lè sáré lọ Ochanja kí o lọ dúró sáàárín wọn, pẹ̀lú fèrè tí ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́. O lè gun ọ̀kadà lọ Upper Iweka, kí o wá ẹ̀dà wébíìlì náà ní gáréèjì tí ẹrù ti sọ̀. Ó jìnnà, akọ̀wé wọn lè ti lọ jẹun. Bí ọkàn rẹ bá sì pé, o lè rántí pé ọ̀gá aláṣọ yẹn wá ṣe fọ́tókọ́pì lọ́dọ̀ rẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wo inú páálí tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ, níbi tí o ń ju ìwé tó bàjẹ́ sí. Bébà kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan dúdú pátápátá torí tánà, o sì tún òmíràn ṣe fún un lọ́jọ́ yẹn. Àyè iye bélì hàn lórí rẹ̀. Méjìdínlógún ló wà níbẹ̀. Lórí èyí tí ọ̀gá nà sókè, ẹnìkan ti fi báírò fa ìlà méjì sára 1, ó di 4.

Bébà yẹn ni ẹ̀rí. Àmọ́ níní ẹ̀rí kò túmọ̀ sí pé èrò á kà á. Tí o bá dé Ochanja, o ní láti wá ẹni tí wọ́n á gbọ́ràn sí lẹ́nu, bóyá alága ọjà, bóyá pásítọ̀, bóyá ìyá oníresì tí gbogbo wọn jẹ ní gbèsè. Tí o bá ti bá ìyá náà jà tẹ́lẹ̀, o ti wọ gàù.

Ọ̀nà kẹrin wà, òun ló rọrùn jù nínú géèmù yìí. Nígbàkígbà, o lè ránṣẹ́ pe àwọn aládàá, kí o fún wọn lórúkọ. Wọ́n á wá kíá. Àdá wọn á pọ́n. Nínú géèmù tèmi, gbogbo ìgbà ni yóò máa pọ́n, ẹni yòówù kí wọ́n gbé e lé láyà. Tí o bá ní kí wọ́n gbé e lé ìwọ alára láyà, yóò pọ́n. A kò ní sọ èyí fún ẹni tó ń gbá a. Ó di ọjọ́ tó bá dán an wò.

Ibí yìí ni mo ti máa ń bá àwọn ọ̀rẹ́ mi jiyàn. Wọ́n ní kí géèmù fìyà jẹ ẹni tó bá pe aládàá. Mo kọ̀. Ẹ jẹ́ kó gba ẹ̀bùn, torí bẹ́ẹ̀ ló rí ní 2000. Bí o bá ti fún wọn lórúkọ mẹ́ta, òpópónà rẹ á dákẹ́ lálẹ́, àwọn onílé á dáwó ra jẹnẹrétọ̀ tuntun fún ọ, ṣọ́ọ̀bù á máa ṣí di aago mẹ́wàá, máàpù tó ti há á là. Ìwọ náà á gbádùn rẹ̀. Àwa tí a hó níwájú Issakaba, ìgbádùn yẹn la jẹ. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ nínú géèmù, obìnrin kan á wá láti abúlé, á kówó fún ọ, á ní kí o bá òun pe ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá ọmọ òun, torí ọmọ náà kò wálé fún Kérésìmesì. Kò ní sí orin ìbànújẹ́. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ, obìnrin náà ń dúró. Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Ó bá a lóòótọ́, kò bá ọmọ náà láyé.

Wọ́n á bi mí pé ta ni yóò ra irú géèmù tó ń dani láàmú bẹ́ẹ̀. Ẹ wo géèmù L.A. Noire tó jáde ní 2011. Team Bondi ní Australia ló ṣe é, ìlú Los Angeles ti 1947 ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń gbá a á jókòó síwájú afurasí, á máa wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń purọ́, ó sì lè mú ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ó tà bí búrẹ́dì gbígbóná. Ẹ̀sùn tí mo ní sí i ni pé bí o bá ṣì mú, ìtàn náà kàn ń lọ síwájú bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ìkìlọ̀ méjì ni mo ní. Kí ẹ má fi orúkọ tàbí ojú ẹnikẹ́ni tó kú nígbà náà sínú géèmù. Àwọn ọmọ wọn wà láàyè, àwọn kan nínú wọn lè máa gbé ní òpópónà kejì síbí. Èkejì, kí ọmọ Ìgbò ló kọ ìtàn rẹ̀. Àlejò ni èmi, Ìbàdàn ni mo ti wá. Mo lè mú èrò wá, mi ò lè mú bí ìyá oníresì Fegge ṣe ń bú èèyàn wá. Ìlú yìí kò ṣàìní òǹkọ̀wé rí. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn ilé ìtẹ̀wé Onitsha ń tẹ ìwé pélébé fún ará ọjà láìdúró de Lọ́ńdọ̀nù. Veronica My Daughter tí Ogali A. Ogali kọ ní 1956 wà lára àwọn tó gbajúmọ̀ jù. Ẹni tó lè kọ ìyẹn lè kọ èyí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó, mi ò sì ní fi yín tan jẹ. Kiro'o Games ní Cameroon lo ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó gbé Aurion jáde ní 2016, àwọn olówó kéékèèké àti àjèjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló dáwó jọ fún wọn. Maliyo tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2012 gba ọ̀nà mìíràn: géèmù kékeré tí fóònù olówó pọ́ọ́kú lè gbé. Ọ̀nà Maliyo ni kí ẹ gbà. Ẹ má kọ́ gbogbo Fegge lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ́ òpópónà kan, biznẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan àti ẹjọ́ kan. Ẹ yàwòrán rẹ̀ pẹlẹbẹ, kí ẹ fi owó yín sórí ohùn, kí ariwo èrò lè máa ti ibi tó tọ́ wá sí etí. Kí èdè rẹ̀ jẹ́ Ìgbò àti Píjìn, ká kọ Yorùbá sísàlẹ̀ fún àwa tí a kò gbọ́. Kó má wúwo ju fíìmù kan lọ, kó má baà jẹ dátà tán fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́.

Mo ti ya máàpù òpópónà náà sórí bébà, mo sì ti kọ ẹjọ́ aláṣọ yẹn dé ibi tí akọ̀wé gáréèjì ti padà láti ibi oúnjẹ. Ó wà nínú fáìlì yìí. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà nínú yín, kó jọ̀wọ́ bá mi jókòó lẹ́yìn tí a bá jẹun tán, kó sì pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó gbọ́ Ìgbò dáadáa wá.